Kí Ló Ń Tán Gan-an? Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun Àlùmọ́nì Tí Ọjà Kan Jẹ Nínú Ilẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ kàn yà wá gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe fóònù, tàbí wáyà, tàbí bátìrì, báwo la ṣe lè fi nọ́ńbà sọ iye ohun àlùmọ́nì tí ọjà yẹn ti jẹ nínú ilẹ̀? Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé òṣùwọ̀n la fẹ́ gbé, ká wọ̀n ọ́n, ká kọ ọ́ sílẹ̀, kó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òṣùwọ̀n tó dé, ẹnì kan ti kọ́kọ́ pinnu ohun tó ń bà á lẹ́rù pé ó lè tán, ìpinnu yẹn ló sì ń darí nọ́ńbà tí ẹ máa rí nínú ìwé.

LCA ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a tẹ̀ lé ọjà kan láti ibi tí wọ́n ti wa òkúta rẹ̀ jáde, dé ilé iṣẹ́, dé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó, títí dé ibi tí wọ́n dà á nù sí tàbí ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ padà. Àjọ ISO ti fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìwé 14040 àti 14044, tí wọ́n gbé jáde ní 2006. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń wá. A ó ka gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. A ó yí iye yẹn padà sí ipa tó ní lórí ayé. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ìtumọ̀ ohun tí a rí. Ìpele kẹta yẹn ni ìjà wà. Bó bá jẹ́ ti ooru tó ń mú ayé ni, àríyànjiyàn ò pọ̀: èéfín carbon dioxide ni gbogbo èèyàn fi ń ṣe ìwọ̀n, kí oníkálùkù tó ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan bàbà, wúrà àti irin, ọ̀rọ̀ di ti ẹlẹ́nu púpọ̀. Àwọn amòye tí ètò Life Cycle Initiative ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ gbé ọ̀nà ìṣirò 27 yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2020. Ọ̀nà 27, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!

Kí a tó lè sọ pé nǹkan ń tán, ó yẹ kí a mọ iye tó kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń dojú rú. Bí USGS, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bá sọ pé bàbà tó kù lágbàáyé tó báyìí, kì í ṣe gbogbo bàbà inú ilẹ̀ ló ń kà. Èyí tí wọ́n ti rí, tí wọ́n ti díwọ̀n, tí èèyàn sì lè wa jáde lónìí kó jèrè lórí rẹ̀, ni wọ́n ń kà. Owó tó wà lápò nìyẹn. Kò kan owó tó wà nílé, ká má tiẹ̀ sọ èyí tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ní 1970, iye yẹn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 280 tọ́ọ̀nù. Láti ìgbà náà títí di 2011, ayé wa bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 400 tọ́ọ̀nù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ohun tí wọ́n wa ju gbogbo ohun tí wọ́n ní ó wà lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n máa kà á ní 2011, ohun tó kù ti di mílíọ̀nù 690 tọ́ọ̀nù.

Kò sí idán níbẹ̀. Owó ńlá ni wíwá kùsà ń gbà, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó máa náwó wá bàbà tí kò ní fọwọ́ kàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tó máa gbé wọn dé ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń wá, tí ìyẹn bá sì ti fẹ́ẹ́ lọ sópin, wọ́n á tún jáde lọ wá òmíràn. Bí owó bàbà bá tún gòkè, tàbí tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, òkúta tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì lánàá á di kùsà lónìí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé iye yẹn, tó fi iye tí à ń lò lọ́dún pín in, tó wá kéde pé bàbà máa tán ní ogójì ọdún sí i, iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìwakùsà ló wọ̀n. Kò tíì wọn ilẹ̀.

Àwọn kan ti fi owó gidi dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Ní 1980, Paul Ehrlich, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú Julian Simon, onímọ̀ ọrọ̀-ajé. Ehrlich ní ohun àlùmọ́nì ń tán, nítorí náà owó wọn máa gòkè. Simon ní kò ní gòkè. Wọ́n mú irin márùn-ún, bàbà àti tánganran wà lára wọn, pẹ̀lú chromium, nickel àti tungsten, wọ́n sì ka ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lé gbogbo wọn. Nígbà tó di 1990, àwọn èèyàn ti pọ̀ sí i láyé, ṣùgbọ́n owó irin márààrún ti wálẹ̀ tí a bá yọ ọ̀wọ́n gógó ọjà kúrò. Ehrlich kọ ṣẹ́ẹ̀kì 576.07 dọ́là ránṣẹ́ sí Simon. Títí dòní làwọn kan ń fi ìtàn yìí sọ pé kò sí ohun tó ń tán. Èmi ò gbà. Iye owó ọjà ni tẹ́tẹ́ yẹn wọ̀n, ká ní ẹ̀wádún mìíràn ni wọ́n sì mú, Ehrlich ì bá jẹ. Ohun tí ó kọ́ wa kò ju pé kí a má fi owó ọjà ṣe òṣùwọ̀n ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí Jeroen Guinée àti Reinout Heijungs ti yunifásítì Leiden, ní Netherlands, ṣe gba ọ̀nà mìíràn ní 1995. Wọ́n ní tí iye tó kù nínú ìwé àwọn awakùsà bá ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ síbi tí kò ní yí: gbogbo bàbà tó wà nínú èèpo ilẹ̀ ayé, àtèyí tí ọwọ́ lè tó, àtèyí tí ọwọ́ ò lè tó láé. Wọ́n mú iye tí à ń wa lọ́dún, wọ́n fi iye tó wà nínú èèpo ilẹ̀ pín in, wọ́n tún wá fi iye kan náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Ìpín kejì yẹn ló máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé tí a bá pín in lẹ́ẹ̀kan, ohun kan tó kù díẹ̀ tí à ń lò díẹ̀ máa jọ ohun tó kù rẹpẹtẹ tí à ń lò rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí tirẹ̀ kù díẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ máa ṣọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ohun tó jáde wé ti irin kan tó ń jẹ́ antimony, kí gbogbo rẹ̀ lè ní òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí antimony. Irin mìíràn ì bá ṣe é, ipò tí oníkálùkù wà kò ní yí padà. ADP ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n yìí, òun sì ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù mú fún ìlànà ìṣirò tirẹ̀ lórí irin àti ohun àlùmọ́nì inú òkúta. Ti epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì wà lọ́tọ̀. Agbára tí wọ́n ń mú wá ni wọ́n fi ń kà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kàn án báyìí. Nínú tábìlì tí Leiden gbé jáde, kílò kan wúrà jẹ́ kílò 52 antimony. Kílò kan bàbà jẹ́ 0.00137. Kílò kan irin lásán jẹ́ 0.0000000524. Èyí já sí pé gíráàmù wúrà kan ṣoṣo, tí ẹ lè fi àtàǹpàkò bò, bá kílò 38 bàbà dọ́gba. Tí ẹ bá wá fẹ́ kó irin tó máa bá gíráàmù wúrà kan yẹn dọ́gba jọ, ẹ máa kó bíi 990 tọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun èlò kékeré kan wà tó ní gíráàmù 25 alumíníọ́mù, gíráàmù 15 bàbà, àti gíráàmù 0.03 wúrà. Ẹni tó bá gbé e sórí ìwọ̀n á ní wúrà kò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bàbà fi ìlọ́po 500 wúwo jù ú. Ẹ wá lọ ṣírò rẹ̀. Bàbà mú 0.00002 kílò antimony wá. Wúrà mú 0.00156 wá, ìyẹn ìlọ́po 76 ti bàbà. Alumíníọ́mù ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ yọjú, nítorí ó pọ̀ nínú èèpo ilẹ̀, ó tó ìpín mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Wúrà tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gba ohun tó lé ní ìpín 98 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èsì náà. Ẹni tó ń ṣe irú ohun èlò yìí, tó fẹ́ kí èsì rẹ̀ dára nínú ìwé, ó lè yọ alumíníọ́mù, ó lè dín bàbà kù, kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà tó bá fi omi wúrà tó fẹ́lẹ́ sí i pa ojú ibi tí iná ń gbà kọjá ni nọ́ńbà máa wálẹ̀. Òṣìṣẹ́ LCA tí kò bá tú èsì rẹ̀ palẹ̀ báyìí, tó kàn ka àpapọ̀ rẹ̀ síta, kò tíì mọ ohun tó wọ̀n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí nítorí kò fara pa mọ́: ó sọ ohun tó ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò lè rí. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ lithium lónìí nítorí bátìrì ọkọ̀ oníná mànàmáná. Nínú tábìlì Leiden kan náà, kílò lithium kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kílò bàbà kan. Cobalt náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá tó pọ̀ jù nínú cobalt ayé, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, Kóńgò ti Kinshasa, ni wọ́n ti ń wa á. Cerium, tó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní irin ọ̀wọ́n, pọ̀ nínú èèpo ilẹ̀ ju bàbà lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Ṣáínà dín iye irú irin wọ̀nyí tó ń jẹ́ kó jáde kù ní 2010, jìnnìjìnnì bo àwọn ilé iṣẹ́ Japan. Kò sí ohun tó tán nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì.

Ẹ̀rù yìí ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ka àwọn ohun àlùmọ́nì tí ọrọ̀-ajé rẹ̀ kò lè ṣe láìsí, tí ọ̀nà tó ń gbà dé sì lè dí: mẹ́rìnlá ni wọ́n kà ní 2011, ó ti di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní 2023. Ohun tó bí mi nínú ni bí àwọn kan ṣe ń po méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ṣírò ADP bátìrì kan, wọ́n á rí i pé ó kéré, wọ́n á ní kò séwu ní ti cobalt. ADP kò gbọ́ ohunkóhun nípa ẹnubodè, kò sì mọ ẹni tó ni kùsà. Ẹ má bi í ní ohun tí kò mọ̀.

Àwọn mìíràn ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù yàtọ̀ sí pé ilẹ̀ á ṣófo. Wọ́n ní ìnira tí àwọn ọmọ wa máa rí kí wọ́n tó rí irin kan náà ló yẹ ká kà. Bí òkúta bá ní bàbà ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù òkúta la máa fọ́ kí a tó rí tọ́ọ̀nù bàbà kan. Bó bá jẹ́ ìpín 0.6, ó ti di 167 tọ́ọ̀nù, láì tíì ka èyí tó máa ṣòfò àti ilẹ̀ tí wọ́n máa gbẹ́ dànù kí wọ́n tó kan òkúta. Bí òkúta ṣe ń pọ̀ sí i ni iná, epo àti omi ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà ìṣirò Eco-indicator 99 ka agbára tí a máa fi kún un lọ́jọ́ iwájú. ReCiPe ti 2016 ka òkúta tí a máa wa lé e, ó sì fi bàbà ṣe ìwọ̀n rẹ̀ dípò antimony. Ní Sweden, Bengt Steen tiẹ̀ gbé e lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀nà EPS tirẹ̀: ká ní gbogbo kùsà rere ti tán, tó wá ku kí a máa fa bàbà jáde nínú òkúta lásán, èló ló máa ná wa? Mo bọ̀wọ̀ fún àròjinlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó jìnnà gan-an ni. Ní ti òkúta tí bàbà inú rẹ̀ ń dín kù, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Lóòótọ́ ló ń dín kù, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ti gbọ́n sí i: ohun tí àwọn baba wọn ò lè sọ di owó, wọ́n ti lè sọ ọ́ di owó báyìí. Kì í ṣe ẹ̀rí ní gbogbo ìgbà pé èyí tó dára ti tán.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń wọn agbára tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ nínú òkúta, exergy ni wọ́n ń pè é. Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì. Kò dáhùn ìbéèrè tó gbé èmi wá, nítorí náà mo fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí èmi dúró sí. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ń jókòó sí ẹnu kùsà, wọ́n ń ka ohun tó ń jáde. Bàbà bá ti jáde nínú ilẹ̀, wọ́n ti kà á sí ohun tó tán. Ṣé ó tán lóòótọ́? Epo rọ̀bì tí a jó ti tán, kò sí ẹni tó máa kó o jọ mọ́. Helium tí a jẹ́ kó sá lọ ti bá ojú òfúrufú lọ, ó fúyẹ́ débi pé ayé ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bàbà tó wà nínú wáyà inú ògiri, bàbà ni títí di ọ̀la. Ó kàn kúrò lábẹ́ ilẹ̀ wá sínú ilé ni. Ibi tó ti máa sọnù ni ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ mọ́ irin mìíràn tí kò ṣeé yà á kúrò nínú rẹ̀ mọ́, tàbí tí wọ́n dà á sórí ààtàn, tàbí tó di eruku lójú títì. Ọ̀pọ̀ nínú síǹkì tí à ń lò, ara irin la ń fi í pa kí irin má dípẹtà. Bí òjò ti ń rọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Titanium ní tirẹ̀, inú ọ̀dà funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta rẹ̀ ń lọ. Ta ló máa ha ọ̀dà lára ògiri kó lè rí titanium?

Ní 2011, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan lábẹ́ ètò àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wo nǹkan bí ọgọ́ta irú irin. Èyí tí wọ́n ń kó ju ìdajì rẹ̀ padà fún àtúnlò kò tó ìdá mẹ́ta wọn. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú wọn, kò tó ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń rí kó padà. Lójú tèmi, nọ́ńbà yẹn sọ̀rọ̀ ohun tó ń tán ju gbogbo tábìlì antimony lọ.

Kódà ní ẹnu kùsà, ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń kà á. Wúrà tó bá òkúta tí wọ́n ti lọ̀ lọ sórí òkìtì ìdọ̀tí kùsà, ṣé a kà á sí èyí tó tán? Ní Witwatersrand, ní orílẹ̀-èdè South Africa, àwọn ilé iṣẹ́ ti padà síbi òkìtì àwọn awakùsà àtijọ́, wọ́n ń fi omi tú u, wọ́n ń rí wúrà nínú rẹ̀. Nínú ìṣirò ẹlòmíràn, wúrà yẹn ti tán láti ọjọ́ pípẹ́.

Inú mi dùn pé àwọn onímọ̀ ti ń yí ojú sí ibí yìí. Guinée àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leiden fúnra wọn ti dábàá òṣùwọ̀n kan tó ń ka ohun tó fọ́nká sínú àyíká dípò ohun tó jáde nínú ilẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Yúróòpù sì ń ṣe irú rẹ̀. Ìṣòro tó kù, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn àkójọ ìsọfúnni tí a fi ń ṣe LCA kọ ohun tó wọlé sílẹ̀ dáadáa, bíi «bàbà, láti inú ilẹ̀, kílò báyìí», ṣùgbọ́n wọn ò kọ ibi tí bàbà náà gbà sọnù. Ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ò lè ṣírò rẹ̀.

Phosphorus ló fi èyí hàn mí jùlọ. Ó wà lára àwọn ohun tó pọ̀ nínú èèpo ilẹ̀, nítorí náà ADP ò kà á sí nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó lè dípò rẹ̀ nínú oko. Irúgbìn kankan ò lè hù láìsí i. A ń wa á nínú òkúta, a ń fi ṣe ajílẹ̀, òjò sì ń gbá apá kan rẹ̀ lọ sódò, odò ń gbé e lọ sókun. Ibẹ̀ ló ti fọ́nká débi pé kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́. Tí mo bá fi ADP wọn ajílẹ̀, ohun tí mo máa kọ ni pé kò sí ìyọnu. Ẹja, igi igbó àti omi tiẹ̀ ní ìṣirò tiwọn lọ́tọ̀, nítorí wọ́n lè padà bí a bá jẹ́ kí wọ́n sinmi. N kò ní wọ inú ìyẹn lónìí.

Kí ni kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wá ṣe? Àwọn amòye tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní kí a máa lo ADP tó dá lórí èèpo ilẹ̀ bó bá jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣe ń dín kù la fẹ́ mọ̀. Mo fara mọ́ ọn, fún ìbéèrè yẹn nìkan. Ẹ lò ó, ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ mọ irin tó gbé èsì náà, kí ẹ sì tún fi ọ̀nà kejì wọ̀n ọ́n, ti òkúta tó máa pọ̀ sí i tàbí ti ẹnubodè tó lè tì. Bí ọjà méjì tí ẹ ń fi wé ara wọn bá yí ipò padà, kí èyí tó borí nínú ìṣirò kan wá já sẹ́yìn nínú èkejì, ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, kí ẹni tó máa fi ìwé náà ṣe ìpinnu rí i kó tó ka nọ́ńbà kankan.